Bàbá Tó Fi Ọjọ́ Iṣẹ́ Wọn Owó Wúrà Wa

Nígbà tí a sin Bàbá ní ìparí ọdún 1999, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì pè é ní ọ̀pọ̀ nǹkan: alàgbà ìjọ, fọ́máànù iṣẹ́ ọ̀nà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ aya kan ṣoṣo, bàbá ọmọ mẹ́fà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á dé òpin, n kò rí ọkùnrin tí mo mọ̀ níbẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ pé ó jẹ olórí ọjà fún ọdún mẹ́ta ní ìlú kan tí kò sí lórí máàpù Nàìjíríà, pé òun ló dá iye búrẹ́dì, idà àti ẹṣin níbẹ̀, tí akọni kankan kò sì rí i rẹ́ jẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ tèmi.

Èmi ni Dúpẹ́, ọmọ Bọ́sẹ̀ tó jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Ilé rẹ̀ nílùú Ọ̀wọ̀ ni èmi àti Káyọ̀ àbúrò mi dàgbà sí, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ìyá mi ń gbé tó fi ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀wọ̀ pọ́nńbélé ni Bàbá ń sọ nínú ilé. Yorùbá tó yé gbogbo wa ni mo ń kọ, àmọ́ ó dùn mí láti yí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, nítorí náà bí ẹ bá rí i tó pe owó ní eghó, tó pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀.

Títì ni Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Òun ni fọ́máànù àwọn lébìrà tó ń ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó ń la gọ́tà. Ojoojúmọ́ ló ń pe orúkọ wọn, ojoojúmọ́ ló ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tó sá. Iṣẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lára débi pé kò ka owó sí owó mọ́, ọjọ́ ló ń kà á sí. Bí ẹ bá sọ fún un pé nǹkan jẹ́ náírà báyìí, yóò kàn máa wò yín bí ẹni tí kò tíì gbọ́ èsì, yóò ní, "Ọjọ́ mélòó nìyẹn?" Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye ọjọ́ tí lébìrà kan yóò fi ro ọ̀nà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó tó lè ra nǹkan ọ̀hún. Kò sì ṣòro fún un láti mọ iye tí lébìrà ń gbà lóòjọ́, torí kò sí ẹni tí yóò gbé àdá kọjá níwájú ilé wa tí Bàbá kò ní pè kó bi í.

Kérésìmesì kan wà tí ìyá mi ra bàtà dúdú kan, ó sì gbé e wá fi han bàbá rẹ̀ bí ọmọdé. Bàbá yí bàtà náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó bi í ní iye. Ìyá mi sọ fún un. Bàbá ṣírò lábẹ́ ètè, ó sì dá bàtà padà fún un jẹ́jẹ́. "Bọ́sẹ̀," ó ní, "ọjọ́ mọ́kànlá lo fẹ́ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Má jẹ́ kí òjò pa á." Ìyá mi bínú dé orí ètè. Àmọ́ ọdún méje ló fi wọ bàtà náà, òjò kò sì pa á lẹ́ẹ̀kan.

N kò fẹ́ parọ́ mọ́ òkú: ìwà yìí a máa dunni. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàlá, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá sílé, ìyá mi sì ra kéèkì kékeré kan. Bí a ti fẹ́ pa iná àbẹ́là tó wà lórí rẹ̀ ni Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ lẹ fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí yẹn." Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, èmi sunkún wọ yàrá. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, mo bá ẹ̀pà sísun lórí ìwé mi, tó ti bó èèpo rẹ̀ kúrò tán. Mo jẹ ẹ̀pà náà, n kò kí i títí di ọ̀sán.

Ọlidé gígùn ọdún 1993 ni eré náà dé. Túndé, ọmọ bùrọ̀dá ìyá mi, wá láti Èkó lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan dání tó fi ọwọ́ da gbogbo òfin eré kan kọ láti inú ìwé òyìnbó tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní. Eré náà kò ní pátákó bíi lúdò. Ẹnì kan ni apìtàn, òun ni yóò máa sọ ohun tó wà níwájú yín: igbó, odò, ihò àpáta, ẹranko abàmì. Ẹ̀yin yòókù, kálukú yóò yan ẹni tó fẹ́ jẹ́, yóò máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe, a ó sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Túndé ni apìtàn wa. Káyọ̀ ní ọdẹ lòun. Èmi di jagunjagun obìnrin. Ìdérí ìgò mínírà ni owó wúrà wa, kálukú sì ní ọgbọ̀n láti fi bẹ̀rẹ̀.

A jókòó sí fàráńdà lẹ́yìn ilé. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nítòsí, ó ń bó ọsàn, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ ti dé ilé àlejò," Túndé ń kà nínú ìwé rẹ̀. "Oúnjẹ àti ibùsùn jẹ́ wúrà márùn-ún. Ẹ rí idà tó wà fún títà lára ògiri, wúrà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Káyọ̀ ti ń ka ìdérí ìgò márùn-ún sílẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ohùn Bàbá.

"Túndé. Lébìrà ìlú yín yìí, eélòó ni wọ́n ń san fún un lóòjọ́?"

Túndé ṣí ìwé rẹ̀ wò. "Bàbá, kò sí lébìrà nínú ìwé."

"Ta ló gbin ohun tí wọ́n ń sè nílé àlejò?"

"Bàbá, wọn ò sọ ọ́."

"Idà kan jẹ́ oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta péré. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa jẹun, ebi ti pa á nìyẹn." Bàbá gbé ọsàn sílẹ̀, ó wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ wa. "Ẹ ń fi eghó ṣeré, ẹ ò sì mọ ohun tí eghó jẹ́."

Bó ṣe di olórí ọjà ìlú wa nìyẹn. A kò yàn án, ó kàn jókòó. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé wúrà kan jẹ́ uṣẹ́ òòjọ́ kan. Láti ibẹ̀ ló ti ń fi ohun gbogbo wé e. Ó dìde lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Èmùrè-Ilé, ó bi í pé bí ó bá fẹ́ rọ àdá tó gùn tó apá, tó mú lójú méjèèjì, ọjọ́ mélòó ni, tòun ti irin àti èédú. Alágbẹ̀dẹ náà rò pé àgbà ti ń ṣe é. Bàbá padà wálé, ó ní idà di wúrà ogún. Ẹṣin di igba. Oúnjẹ àti ibùsùn kò tó wúrà kan rárá, nítorí náà a ní láti ní ṣéńjì, a sì mú ọmọ ayò, mẹ́wàá sí wúrà kan.

Ìyà jẹ jagunjagun mi. Kò rí ẹṣin rà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Nígbà tí owó rẹ̀ tán, Bàbá ní iṣẹ́ wà lóko olórí ọjà, kó lọ roko fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí n sì ju dáìsì láti mọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

"Bàbá, akọni ni Dúpẹ́ o," Túndé ṣàròyé. "Akọni kì í roko."

"Kó má jẹun nígbà náà."

Ó yà wá lẹ́nu pé eré náà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, à ń pa ẹranko abàmì bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ní báyìí, a mọ iye ọjọ́ tó wà nínú ọfà kan, a kì í ta á lásán.

Ẹ̀kọ́ tó le jù dé nígbà tí a pa ẹranko inú ihò àpáta. Túndé da ọ̀ọ́dúnrún ìdérí ìgò lé wa lórí, ó ti ń ṣa wọ́n pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. A sáré wọ ọjà pẹ̀lú ariwo. Bàbá wò wá, ó ní búrẹ́dì tó jẹ́ ọmọ ayò méjì lánàá ti di wúrà kan lónìí. Káyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní ìrẹ́jẹ ni.

"Ìrẹ́jẹ kọ́," Bàbá ní. "Búrẹ́dì ogún ni wọ́n ń yan lóòjọ́ nílùú yìí. Ẹ kó wúrà ọ̀ọ́dúnrún wọlé, ẹ ò mú búrẹ́dì kan ṣoṣo kún un. Gbogbo yín ń du ogún yẹn náà ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí náírà nìyẹn. Iye eghó kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò, ohun tó lè rà ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbìyànjú láti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé lẹ́yìn náà. Kò sí èyí tó ju gbólóhùn yẹn lọ létí mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọgbọ́n Bàbá lórí owó kò wọ̀ létí, Màmá, ìyàwó rẹ̀, ni. Ó ní ìdí. Ní 1984, ọdún tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó tí gbogbo ayé ń tò síwájú báńkì, ni Bàbá gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó yọ apá kan sọ́tọ̀, ó ní owó yunifásítì Dúpẹ́ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, àmọ́ mo ti ń fi ìṣáná ka ení, èjì, Bàbá sì ti pinnu pé n ó kàwé ju gbogbo wọn lọ. Màmá ní kó fi owó náà ra páànù, kí wọ́n tò ó sí yàrá ẹ̀yìn, tó bá tó àkókò kí wọ́n tà á. Bàbá ní rárá. Ó ní, "Páànù a máa dípẹtà. Ìwé báńkì kì í dípẹtà." Láti ìgbà náà, bí a bá ti ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé, Màmá yóò dúró, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ páànù o," ojú rẹ̀ á sì wà lára Bàbá. Ọdún méjìlá gbáko.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ọkùnrin tó ń ka ọjọ́ tó wà nínú kéèkì kò ṣe ka ọjọ́ tó wà nínú ìwé báńkì yẹn. Mo ti bi ara mi náà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá sì ti so orúkọ mi mọ́ owó náà débi pé lójú rẹ̀, èmi gan-an ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Ó fi láílọ́ọ̀nù dì í sábẹ́ Bíbélì, kò tú u wò. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó ka owó kan ṣoṣo tó yẹ kó kà.

Ní 1996, mo gba ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì. Àwọn olùkọ́ wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀, nítorí náà wọn kò tíì dá ọjọ́ ìwọlé. Túndé wá fún ọlidé, ó ti wà ní pólì nígbà yẹn, ojú sì ń tì í díẹ̀ láti ṣeré, àmọ́ Bàbá ló ní ká jókòó. Lọ́jọ́ náà, jagunjagun mi gbẹ́ ilẹ̀ kan nínú ahoro ààfin, ó bá ìkòkò.

"Ẹgbẹ̀rún wúrà ló wà nínú rẹ̀," Túndé ní. "Ọba ayé àtijọ́ ló rì í mọ́lẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, kó lè fi kọ́ ààfin tirẹ̀."

Mo pariwo. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Fara balẹ̀. Nígbà tí ọba yẹn rì í, uṣẹ́ òòjọ́ kan ni wúrà kan. Ẹ̀yin lẹ kó wúrà inú ihò wọ̀lú tí lébìrà fi ń gba wúrà mẹ́wàá báyìí. Ohun tí ọba rò pé òun fi pamọ́ fún ọmọ ọmọ òun..." Ìdérí ìgò kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń wò ó. Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. A dúró títí, kò padà wá. Nígbà tí mo yọjú, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, láílọ́ọ̀nù wà nílẹ̀, ìwé báńkì wà lórí itan rẹ̀.

Ó wọ káákì rẹ̀ lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dé, ó pe Màmá, ìyá mi àti èmi.

"Ọjọ́ irínwó ni mo fi pamọ́ fún Dúpẹ́," ó ní. "Pẹ̀lú èlé orí rẹ̀, ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́." Ó kọjú sí Màmá. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ìwọ lo jàre."

Ọdún méjìlá ni Màmá ti ń retí gbólóhùn yẹn. Kò yọ̀. Ó dìde lọ bu omi tútù wá fún un.

Mọ́kàndínlógójì yẹn kò lè ṣe ju ìforúkọsílẹ̀ àti ibùsùn lọ. Owó oṣù mélòó kan ni wọn kò tíì san fún ìyá mi àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá rí ìyókù kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, àyè mi bọ́ nìyẹn. Mo ti ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ aránṣọ náà dára, mo sì ń sunkún bí mo ti ń sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó kù fún Bàbá ni oko kókó rẹ̀ ní Ìsùadà. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, kò lágbára owó lébìrà, igbó sì ti bo oko náà mọ́lẹ̀, kókó ń rà lórí igi. Iṣẹ́ tó tó ọgọ́ta ọjọ́ ni láti ro ó kí wọ́n sì kó o. Kò sí owó ọgọ́ta ọjọ́ nílé.

Àmọ́ Bàbá ti ṣe àáró rí. Ẹni tó bá mọ oko mọ̀ ọ́n: mo bá ọ ṣe oko rẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ṣe tèmi. Gbogbo Sátidé tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń lọ sóko àwọn ará Ìsùadà, Èmùrè-Ilé, títí dé Ìmẹ̀rì, torí ó fẹ́ràn láti wà láàárín wọn. Kì í sábà pè wọ́n padà, owó oṣù rẹ̀ tó láti fi gba lébìrà nígbà náà. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wọn ti darúgbó, àwọn mìíràn ti kú. Bàbá mú ọ̀pá, ó wọ ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi lọ káàkiri. Kò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ní ẹnu ọ̀nà wọn ni pé, "Mo wá gba ọjọ́ mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni."

Òwúrọ̀ Sátidé, Màmá se iṣu fún ogún ènìyàn. Bó ti ń dì í, ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"A ó fi iṣu jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta."

A dúró sétí oko, ìrì ń rin wá lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Bàbá kò wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan yọ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ọmọkùnrin méjì tẹ̀ lé e. "N ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́," ó ní, "àwọn wọ̀nyí ló máa bẹ̀rẹ̀ fún mi." Méjì dé lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Kí oòrùn tó gòkè, wọ́n ti pé mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn gun ọ̀kadà wá, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì.

"Ẹ ò mọ̀ mí, Bàbá. Ìmẹ̀rì ni mo ti wá, mo gbọ́ níbẹ̀ pé ẹ ń gba ọjọ́ yín. Bàbá mi ti kú, àmọ́ kó tó kú, ó ní òun jẹ yín ní ọjọ́ méjì látìgbà tí ẹ bá òun kọ ebè. Mo wá san ọ̀kan lónìí. N ó san èkejì nígbà ìkórè."

Bàbá wá ibi jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú rẹ̀ nìyẹn. "Ọdún mẹ́tàdínlógún," ó ní fún mi. "Ó wọlé ní ọjọ́ méjì, ó jáde ní ọjọ́ méjì."

Wọ́n ro oko náà, wọ́n padà wá kó kókó, wọ́n fọ́ ọ, a sá a. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo wọlé. Láti ọdún kejì, oko náà ti mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán mi níwèé. Ọ̀dọ́kùnrin Ìmẹ̀rì yẹn tún wá lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́dún tí òjò pọ̀ tí kókó fẹ́ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ gbèsè bàbá rẹ̀ ti tán. Inú Bàbá kò balẹ̀ sí ìyẹn. Ó fẹ́ lọ san án, ara kò gbà mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, ó ti gbàgbé orúkọ Káyọ̀, ó ń fi Túndé pe bàbá Túndé, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọjọ́ kan ló kù ní Ìmẹ̀rì."

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá Túndé yọ owó nínú àpò, ó ní kí n mú un fún ọmọkùnrin náà, ó tó owó òòjọ́ lọ́nà mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò gbà á. Mo gbé àdá, mo wọ ọkọ̀ Ìmẹ̀rì. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń ṣán igbó tó fẹ́ fi gbin iṣu. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò ka ọjọ́ yẹn sí gbèsè, ó ní ọ̀mọ̀wé ni mí. Mo bi í pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò ní lọ, ó fi ìlà kan hàn mí. Ọwọ́ mi bó kí ó tó di ọ̀sán, ohun tí mo ṣán kò sì tó ìdajì tirẹ̀. Mo sunkún Bàbá níbẹ̀ bí n kò ṣe sunkún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì dúró.

Nígbà tó ṣe, ó wá bá mi, ó na ọwọ́ láti gba àdá. "Àǹtí, ó ti tó," ó ní. "Bàbá ò jẹ mí mọ́."

Mo wo òkè. "Oòrùn ò tíì wọ̀," mo ní, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.